Òkè Tó Kù ní Moshie Zongo: Ká Kọ́ Ọ Tán ni, àbí Ká Dá a Dúró?

Ní Moshie Zongo, lápá àríwá ìlú Kumasi ní Gánà, ilé tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kún fún èèyàn tí òkè rẹ̀ kò sì ní òrùlé pọ̀ débi pé kò jọ ẹnikẹ́ni lójú mọ́. Wọ́n ti da dẹ́kìn. Àtẹ̀gùn ti gòkè. Irin pílà yọrí síta ní igun kọ̀ọ̀kan, okùn ìsáṣọ wà lára wọn, bí Iléyá bá sì ń bọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń so àgbò mọ́. Níbòmíràn, ògiri ti dé ibi fèrèsé kí owó tó tán.

Nínú ilé bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Àbúrò tó wà lókè òkun, tàbí èyí tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní Suame Magazine, á ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká parí òkè yìí lọ́dún yìí. Àwọn ọmọ ti ń dàgbà, yàrá ò tó mọ́." Ẹ̀gbọ́n á dáhùn pé: "Mo gbọ́, àbúrò mi. Ta ló ti wo ìpìlẹ̀ rẹ̀? Owó ta la sì fẹ́ fi kọ́ ọ?" Àwọn méjèèjì ni wọ́n ní ẹjọ́ tó dúró. Ó dùn mí pé nínú ọ̀pọ̀ ẹbí, ẹni tó lóhùn jù ló ń borí, kì í ṣe ẹni tó ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí àwa Yorùbá rárá. Àwọn Mọ́sí tó wá láti ilẹ̀ tí à ń pè ní Burkina Faso lónìí ló ni orúkọ àdúgbò náà, àwọn sì ni Enid Schildkrout kọ ìwé People of the Zongo lé lórí, ìwé tó jáde ní 1978. Ṣùgbọ́n bí àwọn Haúsá ṣe gbé nínú zongo, ìyẹn àdúgbò àwọn àlejò, ní Kumasi, bẹ́ẹ̀ ni àwọn èèyàn wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin àti àwọn ìlú míì gbé níbẹ̀. Wọ́n tajà, wọ́n bímọ, wọ́n kọ́lé. Ọ̀pọ̀ ẹbí ní Nàìjíríà ló ṣì ní ilé bàbá kan ní Kumasi tí wọn ò tíì mọ ohun tí wọn yóò fi òkè rẹ̀ ṣe.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ti àbúrò.

Ilẹ̀ ti tán ládùúgbò. Ilé fara kan ilé, kò sí ẹ̀yìnkùlé tí èèyàn lè nà sí. Ilé tó wọ́pọ̀ jù níbẹ̀ ni agboolé tí yàrá yí àgbàlá ká, tí tọkọtaya àtàwọn ọmọ wọn lè máa gbé yàrá kan ṣoṣo, tí gbogbo ilé sì jọ ń lo balùwẹ̀ kan. Ọmọkùnrin tó bá fẹ́ gbéyàwó nílò yàrá, kò sì síbi tí yàrá tuntun lè gbà ju òkè lọ. Bí kò bá rí i nílé, á lọ yá yàrá níta. Òfin ilé yíyá ti Gánà, Act 220 ti ọdún 1963, sọ pé onílé kò gbọ́dọ̀ gba àsansílẹ̀ tó ju ti oṣù mẹ́fà lọ, síbẹ̀ owó ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n máa ń béèrè lọ́wọ́ ayálégbé lẹ́ẹ̀kan náà. Owó tí ọmọ ilé ń kó fún onílé onílé yẹn lè gbé ògiri yàrá tirẹ̀ dúró nílé bàbá rẹ̀. Èmi ò rí èsì tó le sí ibi yìí nínú ẹjọ́ àbúrò.

Graham Tipple, tó ti pẹ́ nínú ìwádìí nípa ilé gbígbé ní Kumasi, gbé ìwé Extending Themselves jáde ní 2000. Ó sọ nípa àwọn èèyàn ní Gánà, Íjíbítì, Bangladesh àti Zimbabwe tí wọ́n fi owó ara wọn fi yàrá kún ilé tí ìjọba kọ́ fún wọn. Àwọn aláṣẹ sábà máa ń wo irú àfikún bẹ́ẹ̀ bí ohun tó ń ba ìlú jẹ́. Lójú Tipple, ọ̀nà gidi ni tí àwọn tí kò lówó púpọ̀ ń gbà rí àyè fún ẹbí wọn, tí wọ́n sì ń rí yàrá yá fún ẹlòmíràn. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Bí gbogbo àwọn dẹ́kìn tó ṣófo ní àwọn zongo Kumasi bá di yàrá, yóò dín ìnira àìríléyá kù ju ọ̀pọ̀ ìlérí ìjọba lọ.

Ọ̀rọ̀ owó náà tún wà níbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, ọ̀wọ́ngógó ọjà ní Gánà dé ìdá 54.1 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó ń tọ́jú sídì pamọ́ títí yóò fi tó owó òkè mọ ohun tójú rẹ̀ rí nígbà yẹn: bí owó ṣe ń pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ni àpò sìmẹ́ǹtì tí ó lè rà ń dín kù. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń sọ owó wọn di búlọ́ọ̀kù àti irin ní gbàrà tí ó bá ti tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Àmọ́ ẹ má ra sìmẹ́ǹtì pamọ́ o. Bí ó bá ti lé ní oṣù mẹ́ta nínú àpò, pàápàá nínú ọ̀rinrin Kumasi, agbára rẹ̀ ti ń lọ, èyí tó bá sì ti dì kókó kì í ṣe ohun tí ó yẹ ká fi da pílà.

Èyí tí àwọn èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ kà sí ni òjò. Òjò Kumasi máa ń le lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún: èyí tó pọ̀ jù bẹ̀rẹ̀ ní bí oṣù Kẹta tàbí Kẹrin títí dé oṣù Keje, èkejì ní oṣù Kẹsàn-án sí Kọkànlá. Dẹ́kìn tí wọ́n dà gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ yàrá òkè kì í ṣe òrùlé. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ, kò ní ìdagẹ̀rẹ̀ tí omi lè gbà ṣàn lọ, nítorí náà omi á dúró, á sì máa wọlé díẹ̀díẹ̀. Ẹ gòkè lọ lẹ́yìn òjò kan kí ẹ wò ó. Ẹ ó rí omi tó dá ṣanṣan láàárín, ewé tútù tín-ín-rín á ti hù létí rẹ̀. Ẹ di irin pílà kan mú, kí ẹ fọwọ́ fá a: ìpáta pupa á já bọ́ ní ìpele-ìpele. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ibi tí irin náà ti wọ inú kọnkéré, ìlà tín-ín-rín kan lè ti là yí i ká. Irin tó bá dípàta máa ń wú, bí ó bá sì ti ń wú, á máa ti kọnkéré tó bò ó kúrò. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ẹni tó ń sùn nísàlẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rí àbàwọ́n omi lókè orí rẹ̀, lẹ́yìn náà ni sìmẹ́ǹtì á máa já bọ́ sórí ibùsùn. Òkè tí wọ́n ní àwọn dá dúró ń bà jẹ́ lọ ni, ó sì ń ba ìsàlẹ̀ jẹ́ pẹ̀lú.

Ó wá kan ẹ̀gbọ́n.

Ìbéèrè rẹ̀ nípa ìpìlẹ̀ ló wúwo jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ ká ṣírò yàrá kan ṣoṣo. Dẹ́kìn tí ó gùn ní mítà 4, tí ó fẹ̀ ní mítà 4, tí ó sì nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 15, wúwo ju tọ́ọ̀nù 5 lọ kí ẹnikẹ́ni tó gbé búlọ́ọ̀kù kan lé e. Búlọ́ọ̀kù tí inú rẹ̀ kò ní ihò máa ń tó kílò 25 sí 30, mítà onígun mẹ́rin kan lára ògiri sì ń jẹ bíi mẹ́wàá nínú wọn. Ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yàrá yẹn, bí ó bá ga ní mítà 3, lé ní tọ́ọ̀nù 10 bí a tilẹ̀ yọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé kúrò. A ò tíì rẹ́ ẹ, a ò tíì kan òrùlé, bẹ́ẹ̀ ni a ò tíì gbé bẹ́ẹ̀dì àti èèyàn wọlé. Omi tó ń bọ̀ láti ibi ìsédò Barekese kì í fi gbogbo ìgbà ní agbára láti gun òkè, nítorí náà onílé á fẹ́ gbé táǹkì omi Polytank sókè. Èyí tó ń gba lítà 2,000 jẹ́ tọ́ọ̀nù 2 nígbà tó bá kún. Gbogbo ẹrù yìí, orí ìsàlẹ̀ ni yóò bọ́ sí.

Ta ló wá mọ ohun tí ìsàlẹ̀ lè gbé? Bàbá tó kọ́ ọ lè ti kú. Bíríkìlà tó bá a ṣe é lè ti padà sí ìlú rẹ̀. Wọ́n ní bàbá sọ pé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lòun ń kọ́, ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́kàn bàbá yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú ilẹ̀. Ní àwọn ilé àtijọ́ kan nínú zongo, ògiri kì í ṣe búlọ́ọ̀kù rárá, amọ̀ tí wọ́n mọ ní ìpele-ìpele ni, tí wọ́n wá fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lójú títí tí kò fi yàtọ̀ lójú ẹni tó ń kọjá. Ní Gánà, atakpame ni wọ́n ń pe irú ògiri bẹ́ẹ̀, orúkọ ìlú Atakpamé ní Togo, ìlú tí àwọn Ifẹ̀ tó jẹ́ ìbátan wa wà. Ògiri tó tutù, tó sì ń pẹ́ ni bí omi ò bá dé ìdí rẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún un. Ẹ má ṣe gbé kọnkéré lé e lórí.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá, 2012, ilé ìtajà Melcom wó ní Achimota, nílùú Accra, èèyàn 14 sì kú. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án, 2014, ilé àlejò ìjọ Synagogue wó ní Ìkọ̀tún, Èkó, níbi tí wọ́n ti ń fi òkè kún òkè. Èèyàn 116 ló bá a lọ, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ará South Africa. Nígbà tí wọ́n parí ìwádìí ikú wọn ní 2015, ẹni tó darí rẹ̀ sọ pé àbùkù nínú bí wọ́n ṣe kọ́ ilé náà ló fà á. Ilé méjèèjì tóbi ju ilé ẹbí ní Moshie Zongo lọ fíìfíì, ó sì yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀ kí n má baà fi ẹ̀rù pa ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ wọn ní Ìkọ̀tún, òun náà ni àbúrò ń fẹ́ kí wọ́n ṣe: kí wọ́n fi òkè kún ilé tí àwọn èèyàn wà nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìpìlẹ̀ ni owó. Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ tí onílé fi ń parí òkè ni pé kí ó gba àsansílẹ̀ ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́wọ́ ayálégbé, kí ó fi ra páànù àti ilẹ̀kùn. Ayálégbé á wọlé, onílé á sì jókòó láìrí kọ́bọ̀ fún ọdún bíi mélòó kan, nígbà tí ọjà ń gbówó lórí. Bí páìpù bá bẹ́ tàbí tí àtẹ̀gùn bá sán, kò sí owó tí yóò fi tún un ṣe. Ẹ̀gbọ́n á tún sọ pé owó yẹn kan náà, bí ó bá wọ inú ìsọ̀ kan ní ọjà Kejetia, yóò yí lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí pílà òkè tó gbẹ. Fún ẹni tó mọ òwò í ṣe, òótọ́ ni. Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ọjà lè gbé owó náà lọ, ògiri kì í sá.

Ibi tí mo ti rò pé ẹ̀gbọ́n mọ̀ ju àbúrò lọ ni ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ilé. Bí ilé bá jẹ́ ti bàbá tó ti kú, tí àwọn ọmọ kò tíì pín in, ti gbogbo wọn ni. Ní ilẹ̀ Asante, bí ó ṣe rí nílẹ̀ Yorùbá náà, ọmọ ẹbí tó fi owó ara rẹ̀ kún ilé ẹbí kò tìtorí bẹ́ẹ̀ di ẹni tó ni ín. Òfin PNDCL 111 ti ọdún 1985, tó sọ bí wọn yóò ṣe pín ogún ẹni tó kú láìkọ ìwé ìhágún, kò fọwọ́ kan ohun tó jẹ́ ti ẹbí. Nítorí náà, àbúrò tó ń fi owó ránṣẹ́ láti Ítálì fún ọdún gbọọrọ lè padà wálé bá ẹ̀gbọ́n míì nínú yàrá tí òun kọ́, kò sì ní rí ẹjọ́ tó dáa rò. Lójú tèmi, ẹbí tó tú ká nítorí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì pọ̀ ju pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó wó lọ. Ohun tó lè gbà wọ́n kò le: kí gbogbo ọmọ jókòó kí wọ́n tó ra sìmẹ́ǹtì, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá ẹ̀bùn fún ẹbí ni owó náà, tàbí ẹni tó kọ́ ọ yóò máa gbé e, tàbí yóò fi owó ilé gba owó rẹ̀ padà fún iye ọdún kan. Bí ó bá jẹ́ ẹbí Mùsùlùmí tó fẹ́ pín ogún gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wọn, kí àlùfáà wọn wà níjòókòó yẹn, kí agbẹjọ́rò náà sì wà níbẹ̀.

Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ilẹ̀ Kumasi jẹ́ ti àwọn oyè Asante, fún iye ọdún pàtó ni wọ́n sì ń fi í lélẹ̀ fún onílé. Ìwé òfin Gánà ti 1992 kò gbà kí ẹni tí kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè náà gba ilẹ̀ fún ju ọdún 50 lọ. Àwọn àgbà wa tí wọ́n ń ṣọ́ra lórí èyí ní ìdí. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá, 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Yorùbá tó fi ilé, ọjà àti gbèsè tí wọ́n jẹ wọ́n sílẹ̀ kò níye. Ẹni tí bàbá rẹ̀ bá wà nínú wọn kò ní yára kó gbogbo owó rẹ̀ lé orí ilẹ̀ yẹn. Àbúrò ní èsì sí èyí náà: Kumasi ni wọ́n bí òun sí, káàdì Gánà wà lọ́wọ́ òun, ilé ìwé àwọn ọmọ òun wà níbẹ̀, kò sì yẹ kí ẹ̀rù ọdún 1969 máa darí ìgbésí ayé ẹni tí wọn kò tíì bí nígbà náà. Èmi rò pé àwọn méjèèjì tọ̀nà níbí, ìwé ilẹ̀ ló sì máa là wọ́n: ọdún mélòó ló kù lórí rẹ̀, orúkọ ta ló wà níbẹ̀.

Ìwé àṣẹ ìkọ́lé kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Lábẹ́ Act 925 ti ọdún 2016, kò sẹ́ni tó lè fi òkè kún ilé láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ẹni tó bá kọ́ ọ láìgbà á á jí lọ́jọ́ kan rí ọ̀dà pupa lára ògiri rẹ̀ pé kí iṣẹ́ dúró, kí ó mú ìwé wá.

Aládùúgbò ni wọn kì í sábà rántí. Nínú zongo, àgbàlá ni àwọn obìnrin ti ń dáná, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tú ìborí wọn sílẹ̀, ibẹ̀ náà ni balùwẹ̀ tí kò ní òrùlé wà. Fèrèsé òkè tó bá kọjú sí àgbàlá ẹlòmíràn ti gba ìdákọ́ńkọ́ lọ́wọ́ wọn. Ó yẹ kí onílé lọ jókòó ti aládùúgbò kí ó tó gé ojú fèrèsé, kí ó kọjú rẹ̀ sí àgbàlá tirẹ̀, tàbí kí ó gbé e sókè kọjá orí èèyàn. Ọ̀nà tó há láàárín ilé wọ̀nyí kò gba ọkọ̀ panápaná, nítorí náà àtẹ̀gùn kan ṣoṣo tó gba inú ilé ìdáná kọjá léwu fún àwọn tó ń sùn lókè.

Èmi fara mọ́ àbúrò pé dẹ́kìn kò gbọ́dọ̀ wà níhòòhò mọ́. Mo sì fara mọ́ ẹ̀gbọ́n pé kí ẹnikẹ́ni má gbé búlọ́ọ̀kù kan sókè kí wọ́n tó rí ìpìlẹ̀. Kí ẹnjiníà tó ní ìwé ẹ̀rí gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pílà kan tàbí méjì, kí ó wo bí ìpìlẹ̀ ṣe fẹ̀ tó àti irú ilẹ̀ tó jókòó lé, kí ó fi irinṣẹ́ rẹ̀ dán kọnkéré pílà wò. Kí ó wọn irin tó yọrí pẹ̀lú: irin tuntun gbọ́dọ̀ bá ti àtijọ́ rìn pọ̀ fún ìlọ́po bíi 40 sí 50 ìnípọn rẹ̀, tí í ṣe sẹ̀ǹtímítà 65 sí 80 fún irin mílímítà 16. Bí èyí tó yọrí kò bá gùn tó bẹ́ẹ̀, tàbí tí ìpáta ti jẹ ẹ́ tín-ín-rín, kí bíríkìlà má ṣe dá ọgbọ́n míì. Owó tí ẹnjiníà á gbà kò ju ìdá kékeré nínú owó òkè lọ.

Bí ó bá ní ìsàlẹ̀ lè gbé e, tí ẹbí ti fọwọ́ sí ìwé, ẹ gbé òrùlé sí i ná. Ẹ gbé pílà dúró, ẹ kan pákó àti páànù sí gbogbo òkè, kí omi má bàa dé ibẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ lè máa parí yàrá kan lẹ́ẹ̀kan bí owó ṣe ń wọlé, ẹ ò sì ní nílò àsansílẹ̀ ọdún mẹ́rin ẹnikẹ́ni. Bí ó bá ní kò lè gbé e, ẹ gé ìrètí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kúrò lọ́kàn, ẹ fi òrùlé fúyẹ́fúyẹ́ bo dẹ́kìn náà bí ẹnjiníà bá gbà, tàbí kí ẹ fi ohun tí omi kò lè là kọjá rẹ́ ẹ, kí ẹ dá a gẹ̀rẹ̀ sí ọ̀nà omi, kí ẹ sì fi kọnkéré di orí irin tó yọ. Ẹ̀yin tí ilé bàbá yín wà níbẹ̀, tí ẹ wà ní Èkó, London tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ má fi owó sìmẹ́ǹtì ránṣẹ́ lọ́dún yìí kí ẹ tó fi owó ẹnjiníà ránṣẹ́, kí ó sì dé ibẹ̀ kí òjò oṣù Kẹrin tó bẹ̀rẹ̀.